Àkọsílẹ̀ àtúnṣe ẹ́ńjìnì Lister ọ̀gá wa, fún àjọyọ̀ àádọ́rin ọdún wọn

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwa mọ́kànlá tí a kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà ní Adó-Èkìtì pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni a ó fi bá bàbá ṣe àjọyọ̀ àádọ́rin ọdún wọn, tí yóò bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá? Àwọn kan dábàá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn kan dábàá kéèkì ńlá àti àwòrán inú férémù, ẹnìkan sì ní kí a dá owó jọ kí a fi ra ẹ̀rọ amúnáwá tuntun fún wọn. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ó ń fi ẹ̀rọ léèdì ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí, béèrè ìbéèrè kan tí ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́: "Ẹ́ńjìnì tí a fi kọ́ṣẹ́ ńkọ́?"

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ó wà. Ó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bàbá, lábẹ́ páànù tí atẹ́gùn ti ká apá kan rẹ̀ lọ, níbi tí òjò ti ń pa á láti nǹkan bí ọdún méjìlá. Bàbá kò tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, bẹ́ẹ̀ ni agbára wọn kò gbé e mọ́ láti tún un ṣe. Ibẹ̀ ni a ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ náà ni a ó jí dìde fún wọn. Mo kọ gbogbo ohun tí a ṣe sílẹ̀ níbí, àti àṣìṣe tí a ṣe pẹ̀lú, nítorí pé bàbá kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó bá a wá.

Ẹ̀rọ náà

Ẹ́ńjìnì Lister CS 6/1 ni, elépo dísẹ́ẹ̀lì, onísìlíńdà kan, irú èyí tí ilé iṣẹ́ R A Lister ń ṣe ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà CS yẹn ń sọ fún ẹni tí ó rà á pé ẹ̀rọ náà lè gbéra ní tútù, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi iná yá orí rẹ̀. Agbára ẹṣin mẹ́fà ni ó ní nígbà tí ó bá ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 114.3 mm, písítìnì rẹ̀ sì ń rin 139.7 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké òde òní, tí ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gbà pé ẹsẹ̀ àgbà ni èyí ń rìn. Wíìlì ńlá méjì ni ó ní, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ìwúwo wọn ni ó sì ń gbé e la ìgbà tí epo kò jó nínú sìlíńdà kọjá. Ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró láti máa ṣe é ní 1987, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ṣì ń ṣe irú rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ṣì ń rí ohun èlò rẹ̀ rà.

Irú ẹ́ńjìnì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà ní Èkìtì gbọ́ ní kékeré ní ilé ọlọ́lọ. Ìró rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń mọ̀ pé ọlọ́lọ ti ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n tó gbé igbá èlùbọ́ tàbí àgbàdo lé orí.

Ní 1981, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, ni bàbá ra èyí lọ́wọ́ ọlọ́lọ kan tí ó ti gbà pé ẹ̀rọ òun ti kú. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá ń ṣe lọ́sàn-án nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà kí ó tó tú Lister yìí palẹ̀, kí ó sì tún un tò, ní ìgbà mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá wà ní títò, ọlọ ìyá ni ó ń yí, owó èlùbọ́ tí ìyá ń rí níbẹ̀ ni ó sì ń bọ́ àwa ọmọ iṣẹ́. Ẹnjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN ni bàbá, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí oyè yẹn di ògiri láàárín àwọn àti ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ náà ní àyè fún oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń lé wa kiri títí tí a fi lọ ṣe ìdánwò.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án

A kò lè gbé ẹ̀rọ náà kúrò kí bàbá má mọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ni a kọ́kọ́ lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí òwúrọ̀ kan tí bàbá yín kì í dé ìdí ẹ̀rọ yẹn?" Ìyá fúnra wọn ni wọ́n wá ọ̀nà sí i. Wọ́n sọ fún bàbá pé àwọn ọmọ fẹ́ wá yọ páànù tí ó ti bàjẹ́ yẹn, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ náà yóò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. A sì pààrọ̀ páànù náà ní tòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí a kò fẹ́ kí ìyá purọ́ nítorí tiwa.

A fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé wíìlì kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a rí nìyí: ẹ̀rọ náà kò yí rárá, ẹnìkan ti yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀ lọ, òjò sì ti gba ojú ihò èéfín wọ inú rẹ̀, fáàfù tí ń tú èéfín jáde ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ó jókòó sí, ọ́ìlì ìsàlẹ̀ sì funfun bí omi ògì, èyí tí ó fi hàn pé omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn. A ya àwòrán ohun gbogbo kí a tó tú bóòtù kankan. A fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ara gbogbo ohun tí a yọ, a sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá fi ìwé bàbá ránṣẹ́ sí wa.

Ìwé náà

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé yìí dáadáa, nítorí òun ni ó tún ẹ̀rọ náà ṣe ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, tí bàbá ti ń kọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tí a tú u ni wọ́n kọ: ọjọ́, ìdí tí a fi tú u, ìwọ̀n ohun gbogbo kí a tó tú u, ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tí a tò ó, àti orúkọ ọmọ iṣẹ́ tí ó di sípánà mú. Bí wọn kò bá mọ ìdí ohun kan, wọ́n á fi àmì ìbéèrè sí i, wọ́n á sì padà wá kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ mìíràn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, ìyà ni mo ka ìwé yìí sí. A ó ti ṣe iṣẹ́ tán, ebi á ti máa pa wá, bàbá á sì ní kí a tún wọn gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́. "Wọ̀n ọ́n kí o tó tú u" ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lẹ́nu wọn ní ọdún mẹ́rin tí mo lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo wá jókòó ní Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ti dógùn-ún, tí mo sì rí ìwọ̀n sìlíńdà rẹ̀ ní 1981, ní 1990 àti ní 2004 lórí ìlà mẹ́ta, mo mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń bọ̀ kí n tó fi irin ìwọ̀n sínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án

Písítìnì tí ó lẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí a tú tọ́ọ̀pù, ìdérí sìlíńdà, kúrò, a da epo dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì tí a pò pọ̀ sórí písítìnì náà, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bí ó bá ti fà wálẹ̀, a ó tún da òmíràn sí i. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí a fi háńmà ńlá lù ú ní ọjọ́ kejì. A kò gbà, nítorí orí písítìnì lè fọ́, kọ́n-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, sì lè tẹ̀, ìgbà yẹn ni owó gidi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọjọ́ 16, a gbé ègé igi ìrókò tí a gé yípo lé orí písítìnì náà, a sì ń fi háńmà kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀, ní àárín, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé àgbà. Ìgbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti sún bí ìbú ìka kan. Ariwo tí a pa ni ó mú kí àwọn aládùúgbò sáré jáde.

A fọ inú rẹ̀, a sì wọ̀n ọ́n. Ní ìsàlẹ̀ sìlíńdà, ìwọ̀n jẹ́ 114.34 mm, ní òkè, níbi tí ríǹgì àkọ́kọ́ tí ó yí písítìnì ká ti máa ń yí padà, ó jẹ́ 114.62 mm. Bẹ́ẹ̀ ni sìlíńdà ṣe máa ń jẹ: òkè ni iná ti ń jó, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ṣọ̀wọ́n, ibẹ̀ sì ni písítìnì ti ń dúró díẹ̀ kí ó tó padà. Ríǹgì tuntun nìkan kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà sì ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí apá kan ara rẹ̀. Gbígbẹ́ ni ó kù.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án

Mo lọ sí ọjà ohun èlò ẹ̀rọ ní Gate, ní Ìbàdàn, mo sì ra písítìnì tí ó fi ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ríǹgì rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù àti nọ́sù tuntun, ẹnu tí ń fọ́n epo sínú sìlíńdà. Ẹ̀gbọ́n wa gbẹ́ sìlíńdà náà dé 114.81 mm. Kí a tó fi ríǹgì sára písítìnì, a kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú sìlíńdà lásán, a sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: 0.45 mm. Ríǹgì tí ẹnu rẹ̀ bá kan ara wọn ní tútù yóò há mọ́ sìlíńdà nígbà tí ó bá gbóná. A tò wọ́n kí ẹnu wọn má bàa wà lójú ìlà kan.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá

A fi ìyẹ̀fun ìlọfáàfù lọ àwọn fáàfù méjèèjì títí ojú ìjókòó wọn fi rí bákan náà yípo, a sì fi àlàfo ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì sí wọn ní tútù gẹ́gẹ́ bí ìwé bàbá ti wí. A so nọ́sù tuntun mọ́ páìpù rẹ̀ ní ìta, a fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù, a sì rí i pé epo ń tú jáde bí kùrukùru, kì í ṣe bí ìkán omi. Ẹni tí ó bá ń ka èyí tí ó sì fẹ́ dán an wò, kí ó jọ̀wọ́ má gbé ọwọ́ sí iwájú nọ́sù: agbára tí epo fi ń jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara, kí ó sì wọ inú ẹran.

Àkókò tí epo ń wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n 20, nínú 360 tí ó wà nínú yíyí wíìlì kan, kí písítìnì tó dé òkè. A fi okùn wọn àyíká wíìlì, ó jẹ́ 1,915 mm. A pín in sí ọ̀nà 18, a sì fi ẹfun sàmì sí 106 mm ṣáájú àmì òkè. Lẹ́yìn èyí ni a rọra ń yí i títí a fi rí i pé epo mì ní ẹnu pọ́ǹpù gẹ́lẹ́ ní ojú ẹfun náà. Ìgbà tí fáàfù méjèèjì bá wà ní pípadé ni kí a ṣe é, nítorí písítìnì a máa dé òkè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún èéfín.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, àti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e

Ọjọ́ yìí ni a kọ́kọ́ gbé e dìde. A kún táǹkì omi rẹ̀, a da ọ́ìlì tuntun sí i, a lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù epo. Fáàfù ọlọ́wọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀pù, tí a máa ń dì wọlé láti fi fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ sí i fún ìgbéra, tí a sì ń ṣí nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. A dì í. Àbúrò wa obìnrin, ẹni tí ó gba òmìnira kẹ́yìn lọ́dọ̀ bàbá, di ọwọ́ irin náà mú bí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa, tí àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí irin má bàa ṣẹ́ ẹ bí ẹ̀rọ bá ta padà. Ní ìgbìyànjú kẹta, ẹ̀rọ náà hó. Èéfín funfun bo ilé iṣẹ́, ó mọ́ díẹ̀díẹ̀, ìró tí a kò gbọ́ láti ọdún méjìlá sì padà sí etí wa. N kò ní fi ara pa mọ́: omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi gbọ́ ìró mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Kò, kò, kò, bí ẹni ń fi òòlù kan irin láti inú. Bí a bá dín ìyára rẹ̀ kù, ó ń pọ̀ sí i.

Èmi ni mo sọ pé bẹ́ríǹ kọ́n-rọ́ọ̀dù ni, ibi tí kọ́n-rọ́ọ̀dù ti di kiráńkì mú, ọ̀pá tí ń yí àwọn wíìlì. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, irú ìró bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí mi. Nítorí náà a tún tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. A fi àwọ̀ búlúù pa kiráńkì, a yí i, a sì wo bí ó ti kan bẹ́ríǹ: ó kan dáadáa. N kò gbà. Mo ní kí a há a díẹ̀ sí i, kí a tún un dì. Odindi ọjọ́ méjì ni a fi ṣe èyí. Nígbà tí a tún gbé ẹ̀rọ náà dìde, ìró náà wà níbẹ̀ bí ó ti wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù, mo jókòó ti ìwé bàbá. Títí di ìgbà yẹn, ojú ewé tí ó ní ìwọ̀n nìkan ni a ti ń ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kan ojú ewé tèmi, tí n kò mọ̀ pé ó wà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, tí ìlù àti orin kún títì, tí mo sì ń kánjú láti di tọ́ọ̀pù kí n lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde. Mo dì í kọjá ààlà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tí ó gbà á mú sì ṣẹ́. Bàbá kò bá mi wí ní ọjọ́ náà. Wọ́n kàn ní kí n jókòó, kí n sì sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa rẹ̀ ni pé ọ̀pá kan ṣẹ́ nítorí ìkánjú, pé ọmọ náà sọ òtítọ́ láìdúró kí a bi í lẹ́ẹ̀mejì, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ ìyókù ọ̀pá náà láìba ojú irin jẹ́. Mo ka ojú ewé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ewé ọdún 1988. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìró kan ń dún bí òòlù, pé àwọn rò pé bẹ́ríǹ ni, pé ọjọ́ méjì ni àwọn fi tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lásán. Wọ́n wá fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Kíì wíìlì ni. Ẹ kọ́kọ́ mi wíìlì kí ẹ tó tú ohunkóhun."

Wíìlì kọ̀ọ̀kan ni a fi irin kan tí ó rí ṣóńṣó, tí a ń pè ní kíì, há mọ́ kiráńkì. Bí kíì náà bá dẹ̀ ní ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, wíìlì náà yóò máa ta padà díẹ̀ nígbàkigbà tí epo bá jó, ìró rẹ̀ yóò sì jọ ti bẹ́ríǹ tí ó ti jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin méjì di wíìlì apá òsì mú gírígírí, èmi sì mi ti apá ọ̀tún. Ó mì.

Ẹ̀gbọ́n wa fi fáìlì ṣe kíì tuntun láti inú irin líle. Ó fi wákàtí mẹ́rin ṣe é, ó ń fi ẹfun pa á, ó ń tì í wọlé, ó ń yọ ọ́ jáde, ó sì ń wo ibi tí ẹfun ti ká kúrò, títí ó fi kan ojú ihò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A lù ú wọlé. Ìró náà lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bàbá, ní ojú ewé tí ó kàn, pé èmi ni mo ṣi í mọ̀, pé ọjọ́ méjì ni ó gbà wá, pé ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti 1988.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá

A kun ẹ̀rọ náà ní àwọ̀ ewé, a ra bẹ́líìtì tuntun, a sì fọ ọlọ ìyá mọ́.

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá

Bàbá àti ìyá lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀. Kí wọ́n tó dé, a ti gbé ẹ̀rọ náà padà sórí kọnkéré rẹ̀ lábẹ́ páànù tuntun, a ti di bóòtù ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì ti fi aṣọ bò ó. Àwọn ènìyàn ti kún àgbàlá. Iyán ti ń dún nínú odó lẹ́yìn ilé.

A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí wọn kú ọjọ́ ìbí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣí aṣọ náà. Bàbá dúró. Fún ìgbà pípẹ́ wọn kò sọ ohunkóhun. Wọ́n rọra yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n fi ọwọ́ kan tọ́ọ̀pù rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan pọ́ǹpù, wọ́n dé ìdí wíìlì apá ọ̀tún, wọ́n sì tẹ̀ ba wò ó. Wọ́n ní, "Ta ni ó ṣe kíì yìí?" Ẹ̀gbọ́n wa ní òun ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ìwé dà?"

Ìyá ni ó gbé e jáde láti abẹ́ ìborùn wọn, gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n gbé awò sójú, wọ́n sì ka gbogbo ohun tí a kọ láti oṣù kẹsàn-án, ní ìdúró, nígbà tí àwọn àlejò ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé tí mo kọ, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O kọ ọ́." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọn kò tún sọ ohun mìíràn lórí rẹ̀, wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí wọ́n ti ń kọjá lọ sí ìdí ẹ̀rọ.

Wọ́n yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Wọ́n ní kí àbúrò wa obìnrin wá yí i, àwọn fúnra wọn sì di irin tí ń gbé fáàfù sókè mú. Nígbà tí wíìlì ti ń sáré, wọ́n sọ fáàfù sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbéra ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fi orí súkúrúdiráfà kan ara rẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ kan etí, wọ́n gbọ́ òkè, wọ́n gbọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé aago ọwọ́ wọn sókè, ètè wọn sì ń mì.

A mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí gbogbo wa ni wọ́n ti kọ́. Ẹ̀rọ tí ń yí ní ìgbà 650 ń jó epo ní ìgbà 325 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń jó nínú yíyí méjì. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó yẹ kí a gbọ́ ọ ní ìgbà 81. Nínú gbogbo ohun tí a wọ̀n láti oṣù kẹsàn-án, ìyára yìí nìkan ni a fi etí lásán dá.

Wọ́n ní, "Méjìdínlọ́gọ́rin."

Àbúrò wa gbé sípánà fún wọn. Wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì sípríǹgì gófánọ̀, ohun tí ń ṣàkóso ìyára ẹ̀rọ, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n kà á. Wọ́n tún yí i, wọ́n tún kà á. Ìyá da àgbàdo sínú ọlọ. Bàbá dúró kí ọlọ gbé iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi fún bíírò. Ohun tí wọ́n kọ wà ní ìlà tí ó tẹ̀lé tèmi: ọjọ́ 18, oṣù 11, 2023; 81; orúkọ gbogbo àwa mọ́kànlá.